Igi Tí Bàbá Aláago Kó Pamọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí orí ìdílé kan ṣe le tó, ẹ fún wọn ní eré tí kò ní òfin, kí ẹ ní kí wọ́n máa ṣe òfin rẹ̀ fúnra wọn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé Bàbá Aláago gan-an nìyẹn. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe eré náà. Ẹni tí ó bá kàn yóò dábàá òfin kan, gbogbo wọn yóò dìbò, bí mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì ti gbà á, òfin ti di òfin nìyẹn. Kò sí ẹni tí kò ní mú, ì báà jẹ́ ẹni tí ó dábàá rẹ̀ gan-an.

Àkọ́kọ́ nínú wọn ni Bàbá Aláago fúnra rẹ̀, tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tún aago ọwọ́ àti aago ògiri ṣe. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń ṣe búrẹ́dì tà ní ìlú mìíràn, tí gbogbo ilé ń pè ní Oníbúrẹ́dì. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ nọ́ọ̀sì, òun ni wọ́n fi jẹ adájọ́ eré, bẹ́ẹ̀ ni Adájọ́ ṣe mọ́ ọn lórí. Ẹnì kẹrin ni Àǹtí, àbúrò ìyá wọn, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá wọn náà wà nínú eré náà tẹ́lẹ̀, kí ọlọ́jọ́ tó dé. Òun ló ṣòfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ènìyàn tó béèrè tán, ìjà ti tutù.

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá yìí ni Bàbá kò ti gbé fóònù mọ́. Ẹ pè é láàárọ̀, ẹ pè é lọ́sàn-án, fóònù á dún, á dún, á sì dákẹ́ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Bí àyà àwọn ọmọ bá ti ń já, àtẹ̀jíṣẹ́ kan á wọlé: "Mo wà." Ó tán. Ṣùgbọ́n nínú eré, ẹnu Bàbá dá ṣáṣá. Kò sí ọjọ́ tí kì í wọlé, kò sì sí òfin tí kì í rí ihò nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má dìbò lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, ó bi wọ́n pé oòrùn ilé ta ni. Àǹtí ní lọ́yà ni ayé pàdánù, aago ló jèrè rẹ̀.

Oníbúrẹ́dì gbà pé òun mọ ìdí tí Bàbá kì í fi í gbé fóònù. Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ máa lọ, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Bàbá kọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ó gbé báàgì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, inú bí i, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ jókòó ti ilé yín, kó wó lù yín!" Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá wà nídìí fèrèsé, kò fèsì. Ó kàn yíjú padà, ó wò ó, ó ní kó máa lọ ire. Láti ọjọ́ náà, Oníbúrẹ́dì kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ mọ́. Eré yìí nìkan ni ilẹ̀kùn tí ó kù láàárín wọn, ìdí rèé tí ọkàn rẹ̀ fi pòrúùru nígbà tí ó rí i pé eré náà ti ń kú lọ.

Àǹtí ló pa á. Máàkì ni wọ́n ń kó jọ nínú eré tẹ́lẹ̀, Àǹtí wá dábàá pé ẹni tí ó bá kí ẹnìkejì kó gba máàkì mẹ́wàá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: òfin báyìí, láàárín ọmọ Yorùbá! Wọ́n kí ara wọn kú ìjókòó, wọ́n kí ara wọn kú ìdìde, kú ìmí, kú ojú, kú àìsùn, kú sísùn. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo Àǹtí kí Adájọ́ kú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó tún kí i kú ẹsẹ̀ òsì. Láìpẹ́, máàkì pọ̀ bí ewé, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe. Adájọ́ wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí a ò bá wá nǹkan ṣe, àwọn tó ni ìkànnì yìí máa pa eré wa rẹ́. Wọn kì í fi àyè sílẹ̀ fún eré tó ti sùn."

Oníbúrẹ́dì ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Ìdí ààrò búrẹ́dì ni ó ti ro gbogbo rẹ̀, níbi tí ó ti ń po fúláwà ní ìdájí. Ó wo iwájú rẹ̀: fúláwà nìyí, omi nìyí, yíìsì nìyí, iná nìyí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè dá di búrẹ́dì. Ohun tí eré wọn nílò nìyẹn. Kí wọ́n da máàkì nù, kí wọ́n máa kọ́lé nínú eré dípò rẹ̀, kí olúkúlùkù ní ohun kan ṣoṣo tí ilé rẹ̀ ń mú jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì lè kọ́ yàrá kan láìní gbogbo wọn. Ó fún Àǹtí ní omi. Ó fún Adájọ́ ní irin. Ó mú amọ̀ fún ara rẹ̀. Ó fún Bàbá ní igi.

Ó tún fi ọgbọ́n oníbúrẹ́dì kún un. Ohun tí ó bá ń bàjẹ́ ni ènìyàn ń tètè tà. Búrẹ́dì àná kò lójú lọ́jà. Nítorí náà ó ṣètò pé kí omi máa gbẹ, kí amọ̀ máa le, kí irin máa dípẹtà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè kó ọjà jọ lásán. Nígbà tí ó dé orí igi, ó rò ó pé igi gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kìíní nìyẹn.

Èkejì kì í ṣe àṣìṣe lójú rẹ̀, pàkúté ni, ìfẹ́ ló sì fi dẹ ẹ́. Ó kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ọjà rẹ̀ gba ti ẹnìkejì gbọ́dọ̀ pè é lórí fóònù, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn dúnàádúrà, kí wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn kí pàṣípààrọ̀ tó wáyé. Bàbá fẹ́ràn eré yìí ju oúnjẹ lọ. Bó bá fẹ́ kọ́lé, dandan ni kó gbé fóònù. Adájọ́ àti Àǹtí mọ ohun tí ó ń wá, àwọn méjèèjì dìbò fún un kíá. Bàbá nìkan ló dìbò pé rárá. "Òfin yìí kò dára," ló kọ. Kò sọ ìdí, kò wá ihò, kò tilẹ̀ ṣe àwàdà. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta wọ́n lólobó, ṣùgbọ́n ẹni tó dẹ pàkúté, ojú ẹran ló ń wò.

Eré bẹ̀rẹ̀. Omi lọ sọ́dọ̀ Adájọ́, irin wá sọ́dọ̀ Oníbúrẹ́dì, amọ̀ lọ sọ́dọ̀ Àǹtí. Wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń dúnàádúrà. Igi nìkan ni kò kúrò lójú kan. Ó ń ga sí i lójoojúmọ́ lágbàlá Bàbá, kò sì sí yàrá tí ó ṣeé kọ́ láìsí igi. Wọ́n pe Bàbá, fóònù dún títí. Omi Àǹtí gbẹ, ó tún fa òmíràn, ìyẹn náà gbẹ. Ó kọ ọ́ sójú eré pé, "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣé igi yẹn lẹ fẹ́ fi sun wá ni?"

Bàbá fèsì pé, "Igi mi kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

"Jẹ́ kí n sòótọ́," Àǹtí wí fún Oníbúrẹ́dì lórí fóònù ní ọjọ́ náà. "Ó ti sú mi, ìwọ ọmọ yìí. Mo láṣọ oníbàárà nílẹ̀. Tí kò bá fẹ́ bá wa ṣeré, kó wí."

Oníbúrẹ́dì gbé fóònù sílẹ̀. Ó dùn ún wọnú egungun. Bàbá mọ̀ pé ọmọ òun ló kọ òfin náà, bẹ́ẹ̀ ó yàn láti jókòó ti òkìtì igi kó sì jẹ́ kí eré kú, kàkà kó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Inú tí ó bí i kò kéré. Ó jẹ́ kí páànù búrẹ́dì kan jóná pátápátá láàárọ̀ náà, kò sì gbóòórùn rẹ̀ títí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi sáré wọlé.

Ó ní òun yóò gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Fúláwà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ó fi àtàǹpàkò kan tẹ òfin tuntun sórí fóònù, kò sì fi àmì ohùn kankan sí i, nítorí ta ló ń wá àmì nígbà tí búrẹ́dì ń bẹ nínú ààrò? Bí ó ṣe kọ ọ́ nìyí: "Oro ti enikeni ba fi pamo ju ose kan lo, dandan ni ki o ko o jade fun gbogbo ara ile." Àǹtí gbà. Adájọ́ gbà. Òfin di òfin. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń retí igi.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bàbá wọlé sójú eré. Bàbá kì í kọ ọ̀rọ̀ láìfi àmì sí i láéláé. Ẹni tí ó bá ti lo ayé rẹ̀ pẹ̀lú irin wẹ́wẹ́ inú aago tí ó kéré ju irúgbìn lọ, kì í sọ pé nǹkan ti kéré jù. Ó kọ̀wé pé: "Mo ka òfin yín. Ẹ kò fi àmì sí orí rẹ̀. Ó lè jẹ́ ọrọ̀, ìyẹn igi mi. Ó sì lè jẹ́ ọ̀rọ̀, èyí tí à ń fi ẹnu sọ. Mo pe Adájọ́."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Àǹtí tẹ̀ ẹ́ kíá. "Bàbá yìí tún ti yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn!"

Adájọ́ yẹ àwọn òfin àtijọ́ wò. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ìyá wọn ṣe nígbà ayé rẹ̀: bí òfin bá ní ìtumọ̀ méjì, kí ẹni tí òfin náà mú yan èyí tí ó wù ú. Ó kọ ìdájọ́ rẹ̀ síbẹ̀, ó ní kí Bàbá yàn.

"Ọ̀rọ̀ ni mo yàn," Bàbá wí. "Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi tí ó ti ju ọ̀sẹ̀ kan lọ."

Oníbúrẹ́dì rò pé àwàdà ni yóò fi tì í. Ó ń nu tábìlì iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù tún mì, ó fi ọwọ́ òsì fà á. Ohun tí Bàbá kọ nìyí:

"Ṣáájú kí ìyá yín tó ṣàìsàn, obìnrin kan gbé aago ọwọ́ kan wá fún mi, ó ní kí n fọ inú rẹ̀. Mo gbé e sí etí ọ̀tún, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé e sí etí òsì, bákan náà. Mo ní aago yìí ti dúró. Mo tú u palẹ̀ pátápátá, mo wá ohun tó ṣe é títí, mi ò rí i. Nígbà tí mo wá wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń yí ni mo tó mọ̀. Aago ń lọ. Èmi ni mo dúró.

"Ìyá yín mọ̀. Òun ló máa ń gbé fóònù, tí á kọjú sí mi, tí á fi ẹnu rẹ̀ sọ ohun tí ẹ wí fún mi, kí n tó dáhùn. Nígbà tó lọ, etí mi bá a lọ. Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń da yanrìn sínú agolo, mi ò mọ èwo nínú yín ni. Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹ ó ní mi ò lè dá gbé mọ́. Eré yìí nìkan ni mo ti ń gbọ́ yín ketekete, ẹ wá ṣòfin pé àfi ẹnu.

"Oníbúrẹ́dì, lọ́jọ́ tí ò ń lọ, ẹ̀yìn ni mo kọ sí ọ, mo ń ti fèrèsé. Nígbà tí mo yíjú padà, omi wà lójú rẹ. Mi ò mọ ohun tí o sọ. Ojú tì mí láti bi ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo kó pamọ́ nìyẹn. Igi náà ńkọ́, ẹ wá kó o, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe."

Oníbúrẹ́dì jókòó sórí àpò fúláwà. Ọ̀rọ̀ tí ó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà yìí wá, tí ó ti ń bá a sùn tí ó sì ń bá a jí, kò dé etí ẹni tí ó sọ ọ́ sí rárá. Òun nìkan ni ẹyin náà fọ́ lé lórí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rántí pé òun dẹ pàkúté sílẹ̀ fún ọkùnrin tí kò gbọ́ràn, tí òun ní kó wá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó bú sẹ́kún. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ní èéfín ni. Iná ti kú nínú ààrò láti ọ̀sán, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n ní èéfín náà pọ̀ lóòótọ́.

Adájọ́ ló kọ́kọ́ kọ̀wé. "Bàbá, èmi nọ́ọ̀sì! Etí àwọn bàbá ẹlòmíràn ni mò ń yẹ̀ wò káàkiri." Ohun tí ó lè kọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹtí ní, "Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ forí jì mí, mo pariwo mọ́ yín." Bàbá fèsì pé kò burú, òun kò gbọ́.

Ní ọjọ́ náà gan-an wọ́n fagi lé òfin fóònù, Bàbá ló sì kọ́kọ́ dìbò. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Gbogbo wọn kọ́ yàrá, Àǹtí kọ́ méjì, ó ní ọ̀kan wà fún ẹnu òun.

Ṣùgbọ́n Oníbúrẹ́dì kò lè dúró nídìí fóònù mọ́. Ó fi ìdí ààrò sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó di búrẹ́dì gbígbóná sínú báàgì, ó wọkọ̀. Kò tíì di ọ̀sán nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ. Ó kan ilẹ̀kùn. Ó tún kàn án, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì gbá a. Láti ìta ó ń gbọ́ àwọn aago ògiri nínú yàrá: ọ̀kan lu mẹ́ta, òmíràn gbà á, ó lu mẹ́jọ, ọ̀kan tún lu ẹyọ kan ṣoṣo. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ọwọ́ gbogbo àwọn aago náà wà níbi tó yẹ, kò sí èyí tó yẹ̀. Agogo inú wọn nìkan ló ń lù bó ṣe wù ú, Bàbá kò sì mọ̀. Ó ń rí wọn, kò gbọ́ wọn.

Ó gbé fóònù sétí láti pè é, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀, ó pòṣé sí ara rẹ̀. Ó wọlé sójú eré, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, ó sì fi àmì sí gbogbo rẹ̀: "Amọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà yín, Bàbá. Ó ń wá igi."

Ó gbọ́ tí àga wó lulẹ̀ nínú ilé. Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá dúró níbẹ̀, ó ti rù díẹ̀, awò ojú rẹ̀ wà lórí irun. "ṢÉ O TI JẸUN?" ló fi kí i, pẹ̀lú ohùn tí ó mú kí aládùúgbò òdìkejì yọ orí síta. Oníbúrẹ́dì kò sọ fún un pé ohùn rẹ̀ ń dún jù. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń wá ohùn náà. Kí ó máa dún.

Ó kúnlẹ̀ kí i, Bàbá sì fà á dìde kíá, ó gbá àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. "Díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa sọ̀rọ̀, kọjú sí mi. Ó yá, sọ fún mi. Kí lo sọ lọ́jọ́ yẹn?"

Oníbúrẹ́dì wo bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni ó sọ lọ́jọ́ náà, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì. Ó yan ọ̀kan. Ẹni tí ó bá ní kò tọ́ kó lọ pẹjọ́.

"Mo ní kí ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi," ó ń pe ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní, kí ẹ wá. Máa gbé. Lọ́dọ̀ mi."

Bàbá fa ojú ro, ó tẹ orí sí apá kan. "Tún un wí."

Ó tún un wí, omi ti ń dà lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ó rí i pé Bàbá ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ti rí i lẹ́nu rẹ láti àkọ́kọ́," Bàbá pariwo. "Ó kàn wù mí kí n tún rí i ni."